Wáyà Méjì: Ìtàn Asọ̀rọ̀mágbèsì ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Àwọn tí ó kọ́kọ́ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣì í pè. Àpótí kan wà lára ògiri. Ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, ó lè bínú, ó tilẹ̀ lè bú u, àpótí náà kò ní dá a lóhùn. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní yunifásítì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Bí a bá dé orí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, a óò kọ ọ́ sí ojú pátákó, a óò já a sí wẹ́wẹ́: a-, sọ̀rọ̀, má, gbà, èsì. Èmi náà ti já a bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ohun tí n kò ronú kàn ni pé orúkọ náà bá rédíò kan mu gẹ́lẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá òmíràn mu. Wáyà ni ó fa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo wáyà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò pínpín ohùn rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó. Ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ àti tẹligíráàmù ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejìlá ọdún 1932, BBC ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kúkúrú láti Lọ́ńdọ̀nù sí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní Èkó, ìjọba a máa fi ẹ̀rọ gba ohùn yìí láti ojú ọ̀run, wọn a sì fi wáyà orí òpó pín in dé ilé àwọn tí ó ń sanwó fún un. Ìbàdàn rí tirẹ̀ gbà ní 1939, Kánò ní 1944. Ẹnu lásán ni àpótí tí ó wà nínú ilé. Ènìyàn lè mú ohùn rẹ̀ rélẹ̀, ó sì lè pa á, ṣùgbọ́n kò lè yí i sí ibòmíràn, nítorí kò sí ibòmíràn lórí wáyà náà. Ibi tí wáyà ti wá ni ọ̀rọ̀ ti ń wá. Bí a bá ń wá ohun tí a lè pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, kò tún sí èyí tí ó ju àpótí yìí lọ.

Wáyà kejì yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀yìn rédíò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó gun òkè lọ bá igi, ó sì parí síbẹ̀. Kò so mọ́ òpó ìjọba. Kò sí ọ̀gá kankan tí ó dúró sí òpin rẹ̀ kejì tí ń pàṣẹ ohun tí yóò gbà wọlé. Àlejò tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rò pé okùn tí a ń sá aṣọ sí ni. Irú wáyà yìí ni mo bá ní ilé bàbá mi ní Òsì nígbà tí mo lajú sáyé, irú rẹ̀ náà ni mo sì bá ní ilé àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìlọ́fà nígbà tí mo bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí ó kọ ìtàn rédíò ní ilẹ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ń sọ̀rọ̀. Wọn kì í sábà dé ẹ̀yìnkùlé ẹni tí ó ń gbọ́. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni mo fẹ́ mú òǹkàwé lọ.

Fún ẹni tí kò mọ agbègbè wa, Òsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìlọ́fà sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni a ń sọ nílé, bí àwọn ará Ọ̀tùn tí ó wà ní òdìkejì ààlà ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pín ilẹ̀, wọ́n fi wá sí abẹ́ Ìlọrin, Ìlọrin sì wà ní apá Àríwá. Ìdí nìyí tí a fi ń rí Òsì-Ìlọrin nínú ìwé. Ìgbìmọ̀ Willink tí ó jókòó láti 1957 sí 1958 gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó fẹ́ kí a dá apá Yorùbá yìí padà sí Ìwọ̀-Oòrùn; wọn kò gbà kí a yí ààlà náà padà. Nígbà tí a sì dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwa kò sí nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà mọ Òsì dáadáa nítorí Aréógun, agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954, àti ọmọ rẹ̀ Bándélé. Wọ́n mọ Odò-Ọwá nítorí Bámgbóyè, tí ó wà láyé títí di 1978. Ìwé tí a ti kọ nípa igi tí àwọn wọ̀nyí gbẹ́ kò kéré. N kò tíì rí ojú ìwé kan ṣoṣo nípa igi tí a so wáyà rédíò mọ́.

Nígbà tí bàbá mi ra rédíò rẹ̀ ní 1963, ohùn méjì ni ó ń du etí wa, ìtàn sì ni ó bí àwọn méjèèjì. Ní 1953, lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí àbá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì di ẹ̀bi ru ẹgbẹ́ Action Group. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà láti fèsì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí a ń já sí wẹ́wẹ́ ní kíláàsì, àwọn òṣèlú ti fi ojú wọn rí i: ìjọba ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, Ìwọ̀-Oòrùn dá tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e ní 1960. Àríwá náà kò jókòó. Ní 1962, Kàdúná ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, níbi tí èdè Hausa ti gba iwájú. Àwa ará Òsì àti Ìlọ́fà wà lábẹ́ ìjọba Kàdúná, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ń sọ èdè tí ìyá wa gbọ́.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi. Rédíò rẹ̀ jẹ́ ti transistor, ohun kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àwárí rẹ̀ ní 1947, tí ó mú kí rédíò bọ́ lọ́wọ́ bátìrì gìrìwò tí ó wúwo bí òkúta. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán ni tirẹ̀ ń lò. Ó ní ọ̀pá irin kan tí a ń fà jáde láti orí rẹ̀, àwọn tí ó tà á sì ní ìyẹn ti tó. Kò tó. Páànù ni a fi bo ilé wa, páànù sì jẹ́ ọ̀tá ohùn tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀run: bí ó ti ń dá òjò dúró ni ó ń dá ìgbì rédíò dúró. Bí bàbá mi bá gbé rédíò jáde sí gbangba, ohùn a là; bí ó bá gbé e wọlé, ohùn a di híhó bí ìgbà tí a ń yan àgbàdo. Òun kò sì lè máa sùn sí ìta nítorí ìròyìn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nípa ìgbì kúkúrú yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wáyà wà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1901, Marconi fi àwòdì bébà gbé wáyà gígùn kan lọ sókè ní erékùṣù Newfoundland, ó sì ní òun gbọ́ àmì létà S tí wọ́n ń tẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ya àwọn onímọ̀, nítorí ayé rí róbótó, ìgbì rédíò sì ń lọ ní tààrà; báwo ni ó ṣe tẹ̀ kọ́rọ́? Ní 1924 ni Appleton fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìpele kan wà lókè réré tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti yí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ padà, òun ni ó ń dá ìgbì náà padà sílẹ̀ bí ògiri ti ń dá bọ́ọ̀lù padà. Ìpele yìí kì í dúró sójú kan. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa bí ìpele mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ń jẹ ìgbì tí ó gùn díẹ̀ run. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìpele ajẹnirun yìí a pòórá, àwọn ìlú jíjìnnà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn àgbà ilé wa kò mọ orúkọ Appleton, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé Ìbàdàn ń dára ní ọ̀sán, Lọ́ńdọ̀nù sì ń dára ní alẹ́. Wọ́n ní ohùn a máa rin ìrìn-àjò dáadáa nígbà tí oòrùn kò bá mú un.

Ẹni tí ó kọ́ bàbá mi ní bí a ti ń na wáyà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Òmù-Àrán. Ó fún un ní ìṣirò kan: mú 468, fi iye mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì tí o fẹ́ gbọ́ pín in, ohun tí ó bá kù ni gígùn wáyà ní ẹsẹ̀ bàtà. Bí a bá fi 6 pín 468, 78 ni. Bàbá mi wọn ẹsẹ̀ bàtà 78 láìdín láìlé. Lóòótọ́, mo ti wá mọ̀ pé ẹni tí ó kàn fẹ́ gbọ́ rédíò nílé kò nílò ìṣirò tí ó le tó báyìí. Mítà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, bí ó bá ṣá ti ga, tí kò sì fara kan páànù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni. Iye tí ó bá ti rí lórí bébà, ìyẹn ni yóò dé.

Wáyà náà jẹ́ kọ́pà. Orí ilé ni ó ti mú orí kan, ó rì òpó ọparun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri kí wáyà lè ga ju páànù lọ. Igi máńgòrò tí ó wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé ni ó mú orí kejì. Kò so wáyà mọ́ igi ní tààrà. Ọrùn ìgò ni ó fi sáàárín, okùn ní apá kan, wáyà ní apá kejì, nítorí igi tútù a máa mu agbára ohùn náà lọ sínú ilẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Ohun tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: ní ibi igi máńgòrò, okùn náà kò ní kókó. Ó gbé e kọjá lórí ẹ̀ka kan, ó sì so òkúta kan tí ó wúwo mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ìjì bá mi igi, òkúta a lọ sókè, a sì tún sọ̀ kalẹ̀. Wáyà kò ní já. Àwọn tí ó so tiwọn mọ́ igi gírígírí, ìjì àkọ́kọ́ nínú ọdún ni ó ń bá wọn já a. Ní ojú fèrèsé, ó jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọlé, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó tẹ̀ lé wáyà wọ yàrá. Lẹ́yìn náà ni ó wá rì irin kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó sì fa wáyà mìíràn láti ara rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ tèmi ní kékeré ni kí n máa bu omi sí ìdí irin yìí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba nǹkan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni mo ti bu omi yìí láìmọ̀ ìdí rẹ̀, mo rò pé bàbá mi ń bọ ohun kan ni.

Kò sì jìnnà sí bíbọ. Bí òjò bá ṣú, kí Ṣàngó tó sán lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi a ti yọ wáyà lára rédíò, a sì so ó mọ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì paraku ni, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sẹ́ni tí ó bọ̀wọ̀ fún Ọba Kòso jù ú lọ. Aládùúgbò wa kan fi ojú di í ní ọdún kan. Mànàmáná kò bọ́ sórí wáyà rẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ó bọ́ sí, síbẹ̀ rédíò náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, tí òjò kò sí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku a máa kó iná sára wáyà gígùn. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn án a fò sẹ́yìn bí ẹni tí àkekèé ta.

Kí ni wáyà yìí mú wọlé? Ní ìgbà èwe mi, lẹ́yìn 1978, mo rántí àwọn nọ́ńbà náà bí ẹni rántí orúkọ àbúrò: Ìbàdàn ní 6050 kHz, Kàdúná ní 4770 àti 6090, Èkó ní 3326 àti 4990. Ìlọrin kò nílò wáyà. Radio Kwara wà lórí ìgbì alábọ́ọ́dé, ní 612, ó ń dún láti inú àpò. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìlọ́fà a máa wá ELWA láti Monrovia, ilé-iṣẹ́ tí àwọn míṣọ́nárì SIM dá sílẹ̀ ní 1954, àwọn míṣọ́nárì kan náà tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ní Ìgbàjà tí kò jìnnà sí wa.

Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, ohun tí ó jẹ mí lógún jù ni Yorùbá tí ó gba orí wáyà náà wọlé. Èkìtì ni ìyá àgbà mi ń sọ. Ó ń sọ ọ́ títí ó fi kú. Yorùbá àjùmọ̀lò, ojú Bíbélì nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n, níbi tí àwọn wòlíì ti ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ń ka ìròyìn owó kòkó. Bàbá mi sọ fún mi pé ó bèèrè bóyá pásítọ̀ ni ọkùnrin náà. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ ilé ti ń fi ohùn Ìbàdàn ṣeré: bí wọ́n bá fẹ́ fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a di imú, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Ilé-ìwé kọ́ wa ní bí a ti ń kọ Yorùbá yìí sílẹ̀. Wáyà ni ó kọ́ wa ní bí a ti ń sọ ọ́. Mo sì mọ̀ pé a pàdánù nǹkan níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ Èkìtì kan wà tí ìyá àgbà mi mọ̀ tí èmi, ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá, ń wá nínú ìwé tí n kò rí.

Ní ilé wa, ìtàn kan wà nípa wáyà náà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Wọ́n ní Ìbàdàn ni bàbá mi na wáyà sí. Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ wá igi tí yóò jẹ́ kí wáyà kọ ẹ̀gbẹ́ sí Ìbàdàn, kí ó lè kẹ̀yìn sí Kàdúná tí ń ṣèjọba lé wa lórí. Níbi ìsìnkú bàbá mi, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Kékeré tún ìtàn yìí sọ lójú gbogbo àlejò, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ẹ̀rí: ìdílé wa kò fi ìgbà kan gbọ́ ti Àríwá rí, ẹ lọ wo wáyà bàbá. Mo jókòó, n kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lẹ́nu, nítorí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, nígbà tí ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn dàrú, ẹnì kan wọ ilé-iṣẹ́ WNBS ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn, ó sì fipá mú wọn láti gbé téèpù mìíràn sáfẹ́fẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun Akíntọ́lá. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Bàbá mi sọ pé láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń gbọ́ Ìbàdàn pẹ̀lú etí méjì, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n sọ, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1966, Kàdúná ni ó ní láti yí rédíò sí. Níbẹ̀ ni Nzeogwu ti kéde ìdìtẹ̀gbàjọba. Bàbá mi ní wáyà náà gbé ohùn rẹ̀ wọlé ketekete, bí ẹni pé yàrá kejì ni ó wà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, ó sì fi tiwa sí ìpínlẹ̀ kan tí ó pè ní Àárín Ìwọ̀-Oòrùn, tí a wá ń pè ní Kwara lẹ́yìn náà. Orí wáyà ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ará ilé wa ti gbọ́ pé àwọn kò sí lábẹ́ Kàdúná mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì sí lábẹ́ Ìbàdàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, mo mú máàpù Nàìjíríà, mo fa ìlà láti Òsì lọ sí Ìbàdàn, mo sì tún fa òmíràn láti Òsì lọ sí Kàdúná. Kàdúná jìnnà sí wa ju ìlọ́po méjì Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi rẹ́rìn-ín ni pé ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ̀yìn síra wọn: ọ̀kan forí lé gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èkejì forí lé àríwá ìlà-oòrùn. Wáyà tí a nà ní òòró kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó sì fi ń gbọ́ràn bákan náà. Èyí tí ó bá kọ ẹ̀gbẹ́ kan sí Ìbàdàn kò lè ṣàìkọ èkejì sí Kàdúná. Kí a tilẹ̀ wá sọ òótọ́ dé góńgó, wáyà tí kò ga ju igi máńgòrò lọ, ìgbì tí ń bọ̀ láti tòsí fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé e lórí láti òkè ni. Ibi tí ó kọjú sí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Bàbá mi kò ta Kàdúná nù. Wáyà rẹ̀ kò tilẹ̀ lágbára àtiṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí ó wà lórí bọ́tìnnì ni ó ń yàn, ọwọ́ náà sì ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀ràn bá ṣe rí.

Mo rí ọwọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́ ní 1993. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà, mo sì wà nílé nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà. Èkó ń sọ èyí tí ìjọba fẹ́. Bàbá mi yí i sí BBC, ó padà sí Èkó, ó tún lọ sí Kàdúná, ó ń gbé ọ̀rọ̀ lé ara wọn bí ẹni ń wọn aṣọ. Ní 1996, rédíò àwọn alátakò tí a fi orúkọ Kúdírátù Abíọ́lá pè, obìnrin tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún náà, ń sọ̀rọ̀ sí wa lórí ìgbì kúkúrú láti òkè òkun. Bàbá mi a ti fèrèsé, a mú ohùn rélẹ̀, a fi etí lé ara rédíò. Kò sí ẹ̀rọ tí ó wà nínú yàrá tí ó lè sọ fún ará ìta ohun tí wáyà náà ń gbà wọlé. Ìyẹn ni àpótí ara ògiri kò ní, tí wáyà orí igi ní.

Ní ọdún tí ó kọjá, páànù ilé ń jò, àwọn tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ sì ní kí a ká wáyà kúrò lọ́nà. Bàbá Kékeré ní kí èmi wá ṣe é. A tú u sílẹ̀, a wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 78, àti díẹ̀ tí ó fà gùn fún iṣẹ́ ọdún púpọ̀. Kọ́pà náà ti di àwọ̀ ewé. Nígbà tí páànù tuntun délẹ̀, mo ní kí a tún un nà. Àwọn ọmọ ń wò wá bí ẹni pé orí wa ti yí. Wọ́n ní ohun tí a ń wá wà lórí fóònù, kò sì purọ́, nítorí BBC tí kò fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sí bàbá mi rí ti ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2018. Síbẹ̀ a gé ọparun tuntun, a wá ìgò, mo bu omi sí ìdí irin.

Mo ti ra rédíò kékeré kan wá láti Ìlọrin. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a tàn án. Ariwo ni a gbọ́, ariwo líle tí kò jọ ti àtijọ́. Mo rò pé ìṣirò bàbá mi ti bàjẹ́. Lójijì ni NẸ́PÀ mú iná lọ, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, ariwo náà sì lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí a pa ilẹ̀kùn dé. Gílóòbù tuntun wọ̀nyí àti ẹ̀rọ tí ń gba iná sí fóònù ni ó ń hó lórí wáyà wa. Nínú òkùnkùn ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Faransé kan, Ṣáínà kan, oníwàásù kan tí ń pariwo. Mo yí i sí 6050, n kò gbọ́ Ìbàdàn. Mo wo ojú Bàbá Kékeré, mo rò pé àkókò tó láti sọ ọ̀rọ̀ máàpù fún un.

N kò tíì la ẹnu tí ó fi ní, “Wá Kàdúná fún mi wò.”

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ní Ìbàdàn ni wọ́n na wáyà yìí sí?”

Ó ní, “Níbi òkú ni mo ti sọ ọ́. Mo fi ọdún mọ́kànlá ṣòwò ní Zaria. Ta ni o rò pé ó ń túmọ̀ Hausa fún bàbá rẹ lọ́jọ́ tí Nzeogwu sọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n wá ń ka ìròyìn ní Hausa? Mo wá ṣọdún, n kò tíì padà ni.”

4770 dákẹ́. 6090 náà dákẹ́. Mo ń yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí a fi kan ohùn ọkùnrin kan tí ń sọ Hausa kedere, n kò mọ ìlú tí ó ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ sókè pé kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó tẹ́tí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Èkìtì fún àwọn ọmọ tí ó ti sún mọ́ wa nínú òkùnkùn, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, títí iná fi dé tí ariwo náà sì padà.